Ìgbòkun Ìdajì

Bírò yẹn tún gbọ̀n lọ́wọ́ Ìbídùn. Lọ́tẹ̀ yìí ó le débi pé ìka ẹ̀ kú, ló bá jù ú sórí tábìlì, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sọ́wọ́ bí ẹni tó gbé ìkòkò tó ń hó láìfi aṣọ dì í.

"Mo ti gbọ́," ló sọ fún bírò. "Mo ní mo ti gbọ́! Àbí o fẹ́ lù mí pa ni?"

Bírò ò dáhùn. Kò sí nǹkan tó máa ń dáhùn nínú ilé yẹn.

Lórí dígí tó ń kọ̀wé sí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì péré ló wà níbẹ̀, "The water", àti lẹ́tà kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé e, "m", tó ti pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún sùn. Bírò ti mọ ibi tí lẹ́tà yẹn ń lọ. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, Olùkà, ẹ̀rọ tó ń ka gbogbo ohun tí ìlú bá kọ tó sì ń ṣe é, ti bi í ní ìbéèrè, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ tó fi ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀: ṣé omi ń bọ̀ ni, àbí kò bọ̀? Kó jọ̀ọ́ mú ọ̀kan.

"Tí mo bá mọ̀, ṣé n bá jókòó síbí kí n máa wò ẹ́?"

Ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé.

Orí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ni Ilé-Ìṣọ́ yẹn dúró sí, láàárín òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ńlá tó ń dáàbò bo ìlú Ọ̀tún-Òkun. Tó bá kọjú sí apá kan, ìlú ló ń rí: àwọn ilé búlúù tí wọ́n kọ́ sórí òpó, tí èéfín oúnjẹ alẹ́ ti ń yọ lórí wọn. Tó bá kọjú sí apá kejì, omi ni. Omi, omi, omi, títí ojú á fi su èèyàn. Òun nìkan ló wà láàárín méjèèjì, òun àti bírò.

Láti ọ̀sán ni òkun ti ń ṣe bákan. Omi ti fà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ irin ilé náà, tí kì í hàn ju ọrùn lọ, ti hàn dé orúnkún, ìkarahun sì lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri bí èépá. Àwọn ẹyẹ funfun tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu lórí òrùlé ti kó lọ pátápátá, wọn ò dágbére. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbì ò ṣe nǹkan kan. Iná ẹ̀ tutù minimini, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tó yó.

Ìbídùn ti rí irú ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, omi dé lóòótọ́, ó ya pẹpẹ ìsàlẹ̀ lọ ráúráú. Ní èkejì, kò sí nǹkan kan. Òkun kàn mí kanlẹ̀ ni, ó padà síbi tó wà.

Èwo wá ni tòní?

Lọ́hùn-ún, níbi tí omi ti pàdé ojú ọ̀run, ó ń rí àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ja tó ń bọ̀ wálé. Wọ́n kéré bí hóró ata tó dà sórí aṣọ. Ọkọ̀ Oríyọmí wà láàárín wọn. Àbúrò ẹ̀ ni, òun nìkan ló sì kù fún un láyé yìí.

Rédíò ha.

"Ilé-Ìṣọ́. Ilé-Ìṣọ́. Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Ọ̀gá Fádáìró. Ẹ káàsán, sà."

"Ọ̀sán wo? Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ báyìí! Ẹni tí ò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, òun náà ni wọ́n ní kó máa bá wa wo omi."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀gá Fádáìró ló ń bójú tó àwọn tó ń kọ̀wé fún Olùkà, ìyẹn ni pé òun nìkan lèèyàn tí Ìbídùn ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bó ṣe ń bú u tó, ó ṣì máa ń dùn mọ́ ọn.

"Ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ò tíì dé," ni ọ̀gá wí. "Olùkà ní o bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, o ò parí ẹ̀."

"Omi fà sẹ́yìn, sà."

"Kọ ọ́ pé ó fà sẹ́yìn."

"Mo ti kọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, ó pa á rẹ́. Ó ní òun ò bi mí ní èyí tó ti lọ, èyí tó ń bọ̀ lòun ń bi mí."

"Ó dáa, ṣé ó ń bọ̀?"

"N ò mọ̀, sà. Bóyá."

Òfin ìlú ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ bóyá, ìyẹn 'may' tàbí 'might'. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò sí lábẹ́ òfin, èèyàn lè máa ké bóyá lójúu pópó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Olùkà ò gbọ́ tẹnu, ìwé nìkan ló ń kà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà Ọ̀tún-Òkun kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sétí rárá, ti Ọ̀gá Fádáìró ló sì le jù.

"Ìbídùn."

"Sà."

"Mo ti ní kó o má máa sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi."

"Ẹ má bínú, sà. Ó já bọ́ lẹ́nu mi ni."

"Ó já bọ́." Ó húkọ́. "Ẹni tó wà nílé-ìṣọ́ tiwa nílùú mi, Ẹ̀bá-Òkun, tiẹ̀ náà já bọ́. 'May' ló ń kọ láràárọ̀. Omi may dé, ìjì may jà. Ara ẹ̀ ló ń bò, kí wọ́n má baà bi í pé kí ló dé tí ò sọ. Fèrè á dún, a ó gun òkè ilé, a ó jókòó síbẹ̀ bí adìyẹ, a ó tún sọ̀. Nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, ta ló fẹ́ gùn mọ́? Lọ́jọ́ tómi wá dé lóòótọ́, ìyàwó mi ń ro ẹ̀bà. Fèrè ń dún, ó ń ro ẹ̀bà ẹ̀ lọ. Aládùúgbò wa tó yè é ló sọ fún mi. Ó ní ó ń sọ fáwọn ọmọ pé, ẹ jókòó ẹ jẹun jàre, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ìbídùn mọ ìtàn yẹn. Ó ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, gbogbo ìlú ti gbọ́ ọ, torí ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ṣòfin.

"Omi kọ́ ló pa wọ́n," ni Ọ̀gá Fádáìró wí. "Torí náà, tó bá ń bọ̀, kọ ọ́ pé ó ń bọ̀. Kí géètì tì."

"Àwọn ọkọ̀ ṣì wà níta, sà."

"Mo mọ̀."

"Tó bá ti tì, kò ní ṣí mọ́ àfi tí òkun bá rọlẹ̀. Tómi bá wá bá wọn níta, ara géètì ló máa gbá wọn mọ́. Ọ̀gá, Oríyọmí wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀, Ìbídùn. Kọ ọ́ nígbà náà pé kò bọ̀."

"Tó bá wá dé ńkọ́? Gbogbo ìlú ló wà nísàlẹ̀ ilé báyìí, wọ́n ń dáná. Mò ń rí èéfín wọn láti ibí."

Ó gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń mí. Ó gbọ́ àga tó ń han lábẹ́ ẹ̀.

"Bí mo bá wà níbẹ̀, ǹ bá bá ẹ mú ọ̀kan," ló wí nígbẹ̀yìn. "N ò sí níbẹ̀. Ìwọ lojú ìlú. Parí gbólóhùn ẹ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Rédíò kú.

Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó lọ sídìí ààrò, ó fi ìka kọ ọ́ sára ẹ̀ pé òun máa mu tíì, torí ààrò yẹn náà ò gba ìsọkúsọ. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀, ó kọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé òun máa mu tíì, ọkàn ẹ̀ wá yí padà. Ààrò ò yí ọkàn tiẹ̀ padà o. Ó gbé omi kaná, ó hó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, kò dákẹ́ títí Ìbídùn fi mu tíì yẹn tán pẹ̀lú ìbínú àti ètè tó bó.

Ife méjì ló wà lórí pẹpẹ. Ó mú tiẹ̀. Ìkejì wà ní dídojúdé. Ní Ọ̀tún-Òkun, ife ẹni tí wọn ò retí, ńṣe ni wọ́n ń dojú ẹ̀ dé kí eruku má baà wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá ń retí onítọ̀hún ni wọ́n ń ṣí i. Wọ́n kó ife méjèèjì fún un lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́. Kò tíì ṣí ìkejì rí. Ìdí ẹ̀ ti ní eruku tó fi jẹ́ pé èèyàn lè gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀.

Oríyọmí ń kọ lẹ́tà sí i o, kò gbàgbé ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Tó bá ti wọ èbúté, lẹ́tà ẹ̀ á yọ lójú dígí. Ara mi le. Ẹja pọ̀. Òrùlé ò jò. Gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, gbogbo ẹ̀ ló gbẹ bí pákó. Nígbà kan rí, lóṣù tí Ìbídùn kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ọmọ yẹn kọ ọ́ pé òun "might" wá kí i. Olùkà dá lẹ́tà náà padà fún un, ó ní kó kọ ọjọ́ tó ń lọ gan-an tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Ẹ gbà mí, apẹja wo ló mọ ọjọ́ tí òkun máa gbà fún un? Ọmọ náà yọ ọ́ kúrò. Kò kọ irú ẹ̀ mọ́. Òun náà, Ìbídùn, kò kọ ọ́ sí i pé tó bá ráyè kó yà, torí Olùkà á ní èwo ni "tó bá ráyè".

Báyìí ni kò ṣe sẹ́ni tó wá. Inú ò bí ẹnikẹ́ni sí i. Kò kàn sẹ́ni tó dá lójú ni.

Ó mu tíì ẹ̀ lójú fèrèsé. Hóró ata yẹn ti tóbi díẹ̀, wọ́n ti dà bí ẹ̀wà. Omi ti tún fà sí i.

Ó rántí ife mìíràn. Kí wọ́n tó ṣòfin, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì lódindi, Tíṣà Ẹfúnyẹmí to ife sórí tábìlì níwájú kíláàsì wọn. Obìnrin kúkúrú kan báyìí ni, ó fẹ́ràn láti máa pa ọmọ lẹ́rìn-ín. Ó bu omi tín-ín-rín sínú ife kan, ó ní, "'Might' nìyí. Òùngbẹ ṣì ń gbẹ yín, àbí?" Ó bu èkejì dé ìdajì, ó ní 'may' nìyẹn. Ó bu òmíràn tó fẹ́ẹ̀ kún, ó ní 'must', ẹni tó rí ẹ̀rí púpọ̀ ló ń mu ún. Ó wá da omi sí èyí tó kẹ́yìn títí ó fi ń ṣàn sórí ìwé àwọn tó jókòó níwájú, gbogbo kíláàsì ń pariwo. "'Will' rèé! Ẹ rí i, ó ti ba ìwé jẹ́. Ẹ má máa bu 'will' fún ẹni tí 'may' tó." Ọmọ kan bi í pé báwo lèèyàn ṣe máa mọ ibi tóun máa bu ú dé. Tíṣà ní, "Wo ohun tó o rí. Ìwọ̀n tó o rí ni kó o bù. Tó o bá bù jù, irọ́ nìyẹn. Tó o bá bù ú kéré jù, irọ́ náà nìyẹn."

Nígbà tí òfin dé, wọ́n ní kí tíṣà fi 'is' àti 'will' nìkan kọ́ wọn. Ó kó ife ẹ̀ dà sápò, ó lọ sílé. Kò padà wá.

Bàbá wọn ò mọ̀wé ní tiẹ̀, ọ̀nà ìgbòkun ló mọ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá dúró dáadáa, baba á ta ìgbòkun sókè pátápátá. Tí ìjì bá ń bọ̀, á sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kò bá mọ èwo ni afẹ́fẹ́ ń ṣe, á fà á dé ìdajì, á so ó mọ́bẹ̀, á jókòó tì í, á máa wò ó. Oríyọmí máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó wà ní kékeré: "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń lọ ni, àbí ẹ ò lọ?" Baba á ní, "Mò ń wò ó ni. Ojú ló ń gba ni lọ́wọ́ òkun, agbára kọ́."

Géètì yẹn náà ní ìdajì. Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ nìyẹn. Àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ pé ayé ò rí bí iná tí wọ́n ń tàn tí wọ́n ń pa. Ìbídùn rí i lójú ara ẹ̀ nígbà kan tó wà léjìká bàbá ẹ̀: géètì dé àárín, ó dúró, iná yẹ́lò kan tàn lórí ẹ̀, àwọn ọkọ̀ ń tò wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé, ìyá wọn sì ń kó ẹrù lọ sókè ilé, ó ń kọrin. Wọn ò yọ ìdajì yẹn kúrò lára géètì nígbà tí wọ́n ṣòfin. Olùkà ò tíì gbàgbé pé 'may' ló ń mú un dé àárín. Èèyàn ni wọ́n ní kó má kọ ọ́ mọ́.

Ìbídùn gbé ife kalẹ̀. Ó tú gèlè orí ẹ̀, ó fi wé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ dáadáa, ó wá mú bírò.

Ní lẹ́tà kejì, bírò bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ gèlè bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde. Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú. Ní lẹ́tà kẹta, dígí pọ́n láti òkè délẹ̀, Olùkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí nọ́ọ̀sì. Tó bá parí gbólóhùn yìí, orúkọ ẹ̀ máa kúrò. Ohunkóhun tó bá kọ lẹ́yìn ẹ̀, òfìfo ló máa jẹ́ lójú Olùkà. Lẹ́tà ò ní jáde látọ̀dọ̀ ẹ̀, lẹ́tà ò ní wọlé sí i. Ilẹ̀kùn ò ní mọ̀ ọ́n. Ààrò ò ní mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ ẹ̀ dúró.

Ara mi le. Ẹja pọ̀. Òrùlé ò jò. Ó gbẹ bí pákó lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń gbọ́n mu láàárọ̀. Tí ìyẹn náà bá lọ, kí ló kù? Ọ̀gá Fádáìró tó ń bú u lórí rédíò, àti ẹyẹ, ẹyẹ gan-an sì ti lọ.

Kíkọ "kò bọ̀" ò le. Ẹ̀rọ ìgbì tiẹ̀ máa tì í lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Tó bá jẹ́ pé òkun kàn fẹ́ mí kanlẹ̀ ni, ọ̀la á mọ́, lẹ́tà á dé.

Ó wo èéfín àwọn ilé búlúù. Ó rí ẹnì kan lórí pẹpẹ ilé kan, obìnrin ni, ó tẹ̀ ba, ó ń ro nǹkan nínú ìkòkò.

Ìbídùn parí ẹ̀. The water may come this evening.

Olùkà bi í léèrè ìgbẹ̀yìn: ṣé ó dá a lójú?

Ẹ̀rín pa á, ó rẹ́rìn-ín jáde lóun nìkan, nínú ilé ṣófo. Láti àárọ̀, ohun kan ṣoṣo tó dá a lójú nìyí. Ó kọ ọ́: "Yes."

Bírò kú lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá. Dígí funfun. Fún ìgbà díẹ̀, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ó ní wọ́n ti gbàgbé, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, òun ti fi ara òun jóná lásán. Ó wá gbọ́ géètì. Irin ńlá méjèèjì kérora, wọ́n rìn wá pàdé ara wọn, wọ́n dé àárín, wọ́n dúró. Iná yẹ́lò tàn, eruku bò ó, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Fèrè dún nílùú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ tó máa ń gùn bí igbe. Èyí kúkúrú, á dákẹ́, á tún dún kúkúrú, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Obìnrin tó ń ro nǹkan yẹn nàró. Ó wòkè. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, àwọn ọmọ míì ò tiẹ̀ gbọ́ ọ rí. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ níbàdí. Lẹ́yìn náà ó gbé ìkòkò ẹ̀, ó gba orí àtẹ̀gùn lọ.

Ìbídùn sáré síbi ilẹ̀kùn tó jáde sí pẹpẹ. Ó kọ orúkọ ẹ̀ sí i bó ṣe máa ń kọ ọ́. Ilẹ̀kùn wò ó bí ìgbà téèyàn ń wo afẹ́fẹ́. Ó tún un kọ. Ó gbá a lẹ́sẹ̀. Ló bá sáré padà sí fèrèsé kékeré ilé ìdáná, èyí tó ní irin, tí kì í béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni, ó ti ojú mọ́ ọn.

Àwọn ọkọ̀ ti rí iná. Wọ́n ti ń tò. Wọ́n ń sáré, ẹnu ẹ̀rọ wọn ń tu omi, wọ́n ń gba abẹ́ Ilé-Ìṣọ́ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń wá àwọ̀ osùn tí Oríyọmí kun iwájú ọkọ̀ ẹ̀. Kò rí i. Kò tún rí i. Èyí tó tẹ̀ lé e...

"Oríyọmí! Orí! Orí o!"

Ọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀ gbójú sókè. Irùngbọ̀n ti hù sí i. Nígbà wo nìyẹn hù?

"Sísí Ìbí! Ta ló tan iná yìí?"

"Èmi ni!"

"Wọ́n máa bẹ́ ẹ lórí o!"

"Wọ́n ti bẹ́ ẹ! Máa lọ jàre, omi ń lé ẹ bọ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ ẹ̀ sì ń fò lórí omi. "N ó kọ̀wé sí ẹ tí mo bá dé èbúté!"

"Má kọ ọ́! Wọ́n ti gba orúkọ mi! N ò ní rí i kà mọ́!"

Ẹ̀rín yẹn kúrò lójú ẹ̀. Ọkọ̀ ti ń wọ ẹnu géètì. Ó yí ara padà pátápátá, ó kẹ̀yìn síbi tó ń lọ, tí àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ fi ń bú u pé ṣé ó fẹ́ pa àwọn ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu.

"Bóyá n máa wá nígbà náà!" ló ké. "Lọ́jọ́ ọjà! Tí òkun bá gbà! N ò ṣèlérí o, Sísí mi, bóyá ni mo ní!"

Géètì gbé e mì.

Omi dé. Ìbídùn jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Kò ga bí èyí tó pa Ẹ̀bá-Òkun run, ṣùgbọ́n ó ga. Ó gbá ilé náà kan, gbogbo ṣíbí já bọ́, iná kú, ó tún tàn. Ó gbọ́ bó ṣe ń gba abẹ́ ilé kọjá, tó ń gbá ara ẹ̀ mọ́ géètì, tí ìdajì ń wọlé, tí ìdajì ń padà. Kò sẹ́ni tó dì mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ sókè kí ohùn èèyàn lè wà nínú ilé, ó ń ka orúkọ àwọn tó jókòó níwájú ní kíláàsì Tíṣà Ẹfúnyẹmí, àwọn tí omi ba ìwé wọn jẹ́.

Nígbà tí rédíò ha, òkun ti ń rọlẹ̀.

"Ilé-Ìṣọ́."

"Mo wà níbí, sà."

"Omi wọ ìsàlẹ̀ ilé. Ó kó gbogbo adìyẹ Màmá Fọ́láwẹ̀ lọ, ó ń sunkún wọn bí ẹni pé ó bí wọn. Ẹnì kan já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, apá ẹ̀ kán. Gbogbo ọkọ̀ ti wọlé. Kò sẹ́ni tó kú."

Ìbídùn fi gèlè nu ojú.

"Báwo lo ṣe mọ̀?" lọ̀gá bi í.

"N ò mọ̀, sà. Ohun tí mo kọ nìyẹn."

"Nígbà tí fèrè yẹn dún," ni baba náà wí, ohùn ẹ̀ sì ti kéré, "mo fẹ́ jókòó. Mo ní, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu mi náà ló sọ ọ́, Ìbídùn. Mo gbọ́ ọ létí ara mi. Ni mo bá dìde. Mo gbé abọ́ oúnjẹ mi dání gun òkè lọ."

"Ẹ kú ewu, sà."

"Orúkọ ẹ ti lọ. N ò lè dá a padà. Bí mo tiẹ̀ lè dá a padà, n ò mọ̀ bóyá ó yẹ. Tí gbogbo yín bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láràárọ̀..."

"Mo mọ̀, sà."

"Títí a ó fi rí ẹni tó máa rọ́pò ẹ, ìwọ lo máa máa nu dígí." Ó tún húkọ́. "Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Ó ní òun ò mọ̀ mí."

"N ó ní kí wọ́n tú u láti ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kò ní tì mọ́ o. Bẹ́ẹ̀ ló máa wà tọ̀sán tòru. Ẹ̀rù ò ní bà ẹ́?"

"Ta ló fẹ́ wá jí mi gbé níbí, Ọ̀gá? Ẹja?"

Ohùn kan jáde nínú rédíò tí Ìbídùn ò gbọ́ rí. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé baba yẹn ń rẹ́rìn-ín ni.

Lẹ́yìn náà kò sí ohùn mọ́. Ilẹ̀kùn ṣe kà, ó yọ kúrò lára férémù, ó dúró dé àárín, kò ṣí tán, kò tì. Atẹ́gùn òkun wọlé, ó tutù, ó ń rùn bí ẹja àti ẹrẹ̀. Níta, iná yẹ́lò ṣì ń ṣẹ́jú.

Ó fi ìka kọ tíì sára ààrò. Ààrò ò dá a lóhùn. Ó dáa, omi tútù náà ni omi.

Ó nawọ́ sórí pẹpẹ, ó sọ ife kejì kalẹ̀, ó fẹ́ eruku ìdí ẹ̀ nù, ó fi gèlè nu inú ẹ̀. Ó ṣí i, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀ lórí tábìlì, níbi tí ẹni tó bá tọ ilẹ̀kùn wọlé ti máa kọ́kọ́ rí i.

Ó bu omi sí i. Nígbà tó dé ìdajì, ó dúró.